Ọ̀rá Dúdú Tí Òjò Hú Jáde Lábẹ́ Gúrófà

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín níbi tí ẹ wà. Mi ò mọ irú ìkíni tí wọ́n ń kí ara wọn níbẹ̀, bóyá ẹ kú ìsinmi ni tàbí ẹ kú ìdúró. Ẹ gba èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì. Ọmọ ti sùn. Mo jókòó lórí àpótí yín lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, mo gbé ìwé lé itan. Bàbá Yétúndé ti fẹ́ bá mi tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, mo ní kó fi í sílẹ̀. Bí mo bá jókòó lé e tó bá mì, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò lórí rẹ̀ ni.

Ẹ ti ní ọmọ-ọmọ. Obìnrin ni. Oyún rẹ̀ wà nínú mi lọ́jọ́ tí a sin yín. Ẹ rántí pé ẹ máa ń gbé ọwọ́ lé mi níkùn láàárọ̀ kí ẹ tó mu tíì, ọwọ́ yín á tutù nítorí òtútù Jos yìí, ọmọ á sì yí padà. Nígbà tó dé, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè orúkọ. Ìyá Ládì tó wà lẹ́yìn ògiri wa ló kọ́kọ́ wọlé. Ó wo ojú ọmọ, ó wo ojú mi, ó pàtẹ́wọ́.

“Kai! Ìyá ẹ ti dé o. Wò ó bó ṣe ń fojú kékeré wò mí bíi tíṣà tó rí ọmọ tó pẹ́ dé ilé-ìwé. Tíṣà, sannu da zuwa, káàbọ̀! Mi ò pẹ́ dé o, ìwọ lo tètè lọ.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún. Yétúndé ni wọ́n ń pè é láti ọjọ́ náà.

Ṣé ẹ̀yin ni, màámi? Mo máa ń bi í nígbà tí mo bá ń wẹ̀ ẹ́. Á wò mí, á sín. Ṣé ìdáhùn nìyẹn?

Ẹ mọ̀ mí. Ẹlẹ́rù ni mí láti kékeré, ọmọ sì ti wá fi kún un. Bó bá sun jù, màá gbé ìka sí i nímú. Bí kò bá sùn, màá máa wá ibi tó ń dùn ún. Tí ẹ bá wà ni, ẹ ò bá ti lé mi lọ síta kí n lọ rí oòrùn. Kò sẹ́ni tó ń lé mi síta mọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ọ̀pọ̀ nǹkan ló wà tó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ ò sì sọ ọ́ nítorí pé gbogbo wa rò pé ẹ ó wà níbẹ̀.

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí mo ń ronú nípa bí ẹ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. A ò lè rìn láti ilé wa ní Naraguta dé ibi tí a ti ń wọ kẹ̀kẹ́ kí ẹ má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣa ọ̀rá. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ọ̀rá bisikíìtì, léda dúdú tí wọ́n fi ń di ẹran. Ẹ óò gbọn yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ dànù, ẹ óò ká a, ẹ óò tì í sínú àpò yín. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo máa ń rìn síwájú yín kí àwọn ẹgbẹ́ mi má bàa mọ̀ pé èmi lẹ bí. Tí a bá fẹ́ ra kósáì, àkàrà àwọn ará ibí, abọ́ wa la máa ń gbé lọ, abọ́ aláwọ̀ ewé tó ní ọmọrí. Oníkósáì á ní, “Tíṣà, kí ló dé tí o kórìíra léda mi?” Ẹ̀yin á ní léda rẹ̀ ò ṣe yín ní nǹkan kan, pé kósáì rẹ̀ ni kò yẹ kó máa sùn sínú ilé onílé. Nílé, ẹ máa ń fọ ọ̀rá sá sórí okùn pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé mi. Inú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà lẹ ti ń hu ọmọ tòmátì àti ata. Omi tí ẹ fi ṣan ìrẹsì, ìdí ẹ̀fọ́ ló ń lọ. Èèpo ọ̀dùnkún, ewúrẹ́ Ìyá Ládì ló ni ín. Ewé mọ́ínmọ́ín tí àwọn ará ilé fi mọ́tò ránṣẹ́ sí yín láti Èkìtì, ẹ máa ń fọ̀ ọ́, ẹ tún lò ó, títí á fi fàya.

Mo rò pé nítorí màálù yẹn ni. Ẹ rántí ọjọ́ tí a lọ kí Àǹtí yín ní Vom, tí màálù aládùúgbò rẹ̀ kú láìjẹ́ pé ó ṣàìsàn tó ṣeé rí? Wọ́n la ikùn rẹ̀, kìkì ọ̀rá léda tó ti gbé mì ló dì sínú rẹ̀, ó di bíi ìrọ̀rí. Fúlàní tó ni ín kò sunkún, ó kàn ń fa ọ̀rá náà jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ojú okùn. Ẹ di ọwọ́ mi mú gan-an lọ́jọ́ náà.

Toh. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo bímọ, Bàbá Yétúndé ló gba ibi ọmọ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó sì wá sin ín sílé yín níhìn-ín, ní ìdí igi gúrófà tó wà lẹ́yìnkùlé, níbi tí ẹ sin tèmi sí. Ẹ ti sọ fún un nígbà kan pé gbogbo ibi ọmọ tí wọ́n bá bí sínú ilé yìí, ibẹ̀ ló ń lọ. Ó rántí. Èmi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ara mi ń gbọ̀n, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó rántí.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ ọdún yìí wá rọ̀. Ẹ mọ gọ́tà iwájú ilé, tí ẹ̀yin àti Ìyá Ládì máa ń kó kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ọdún yìí, ẹsẹ̀ ń dun Ìyá Ládì, ọmọ wà lẹ́yìn mi, àwọn ará àdúgbò sì ń wo ara wọn lójú. Ọ̀rá ti dí i pátápátá. Omi ò rí ọ̀nà lọ, ó yà wọ ọgbà wa, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná kọjá sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ìdọ̀tí Naraguta ti wá kí wa. Nápíkìn ọmọ àlòsọnù wà lórí ẹ̀fọ́ yín. Mi ò lè bú ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀, torí èmi náà ń lò ó, màámi. Mo mọ̀ pé aṣọ lẹ fi di tèmi. Mo gbìyànjú aṣọ, ọṣẹ àti omi ló dá mi lágara. Ẹ má bínú.

Mo pọn ọmọ, mo mú ìgbálẹ̀ yín àti àpò ìrẹsì, mo ń ṣa á. Nígbà tí mo dé ìdí gúrófà, omi ti gbẹ́ ibẹ̀ títí gbòǹgbò fi yọ síta. Ọ̀rá dúdú kan yọrí jáde láàárín gbòǹgbò, wáyà pupa wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé rẹ́wáyà ni Bàbá Yétúndé, iṣẹ́ iná ọkọ̀ ló ń ṣe, kò sí ohun tí kì í fi wáyà dì nínú ilé yìí: ilẹ̀kùn, ṣaworo ọmọ, ìdérí kúlà oúnjẹ rẹ̀. Mo fi igi hú ọ̀rá náà jáde. Ó wúwo díẹ̀, ó sì ń rùn. Mo rò pé ẹran tó bàjẹ́ ni, tí ọkọ mi rì mọ́lẹ̀ kí ajá má bàa tú u sílẹ̀. Mo di imú, mo jù ú sínú àpò pẹ̀lú ìyókù. Kò pẹ́ tí bàbá ọlọ́mọlanke tó ń kó ìdọ̀tí fi ń kọjá, tó ń pariwo, “Bólà! Bólà!” Mo gbé àpò náà lé e lọ́wọ́.

Màámi, inú mi dùn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀yìnkùlé mọ́. Mo dúró lábẹ́ gúrófà, mo wòkè, mo rí i pé àwọn ẹ̀gà ti ń fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ hun ìtẹ́ wọn mọ́ koríko. Ó dùn mí díẹ̀, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní tí ẹ bá ń wò mí, ẹ ó sọ pé mo ń gbìyànjú.

Ọkọ mi wá jẹun ọ̀sán láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Angwan Rogo. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

“Bàbá Yétúndé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wáyà di ilẹ̀ mọ́. Òjò hú ọ̀rá yín jáde lábẹ́ gúrófà. Ẹran wo lẹ rì mọ́bẹ̀ tó ń rùn tó báyẹn?”

Ó gbé ṣíbí dúró. “Níbo ló wà?”

“Ó ti bá bólà lọ.”

Mo rí i tó ń wo ọmọ lẹ́yìn mi, kò wo èmi.

“Kì í ṣe ẹran,” ó ní. “Ibi ọmọ ni.”

“Nínú ọ̀rá? Ẹ sin ín tọ̀rátọ̀rá?”

“Bí nọ́ọ̀sì ṣe gbé e fún mi nìyẹn. Mo tún fi wáyà dì í kó lè le dáadáa. Mo rò pé mò ń tọ́jú ẹ̀ ni.” Ó gbé ṣíbí náà kalẹ̀. “Ta ni mo fẹ́ bi, Ìyá Yétúndé? Ìyá tèmi ò sí. Ìyá tìẹ ò sí.”

Inú ìkòkò kékeré lẹ gbé tèmi sí, ẹ ti sọ fún mi rí, ìkòkò tí kò ní ọ̀dà kankan lára kí ilẹ̀ lè gbà á. Èmi mọ̀ ọ́n. Òun ni kò mọ̀. Mi ò sì ronú láti sọ ọ́, nítorí iṣẹ́ yín ni. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ pé mo lóyún ni mo ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ fún yín.

A sáré jáde. Ìyá Ládì jókòó síta, ó ń ṣa ẹ̀wà.

“Ina za ku? Níbo lẹ ń lọ? Kí ló ń lé yín?”

Mo sọ ọ́ ní ṣókí. Ó da ẹ̀wà sílẹ̀ tàwotàwo, ó mú réèkì rẹ̀, ó gbàgbé pé ẹsẹ̀ ń dun òun.

Bólà, àkìtàn tí wọ́n ń da ilẹ̀ sí, etí odò ló wà, ẹ mọ̀ ọ́n. Ó ti ga ju bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Àwọn lékeléke dúró sórí rẹ̀, funfun báláú, bí ẹni pé orí koríko ni wọ́n wà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń ju ọwọ́ sókè sí wọn kí wọ́n fún mi ní funfun lórí èékánná, ẹ̀yin á sì dúró dè mí títí màá fi yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n wò wá, wọn ò tilẹ̀ fò. A bẹ̀rẹ̀ sí í tú ilẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó ń ṣa irin wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn fi irin rẹ̀ gbá agolo, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Madam, ṣé góòlù ló bọ́? Ẹ sọ ọ́ ká bá yín wá a, ká pín in.”

“Góòlù baba ẹ!” Ìyá Ládì dá a lóhùn. “Ọ̀rá dúdú la ń wá. Wáyà pupa wà lọ́rùn ẹ̀. Tó o bá rí i, má tú u.”

“Ọ̀rá dúdú?” Ó na ọwọ́ yíká. “Haba, Mama! Wo ibi tó o dúró sí.”

Mo wò ó. Màámi, dúdú ni gbogbo ibẹ̀. Ọ̀rá lórí ọ̀rá lórí ọ̀rá, èyí tó ti ya, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Ọmọkùnrin náà rí ojú mi, ó rí ọmọ lẹ́yìn mi, ó gbé ẹ̀rín rẹ̀ mì. Ó wá sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ń fi ìkọ́ irin rẹ̀ gbé wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi hàn mí, màá gbọn orí. Mo tú ọ̀rá àwọn tí mi ò mọ̀ rí. Ẹ̀bà tó ti hu irun. Egungun ẹja. Irun tí wọ́n tú lórí ẹnì kan. Bàtà ọmọ, ẹsẹ̀ kan. Mo ń sọ fún ara mi pé èyí tó kàn ni.

Òjò tún ṣú. Bó ṣe rọ̀, etí bólà yẹn ya lulẹ̀ sínú odò. Mo rí i tó ń lọ. Àwọn ọ̀rá dúdú ń tẹ̀lé ara wọn lórí omi, afẹ́fẹ́ wà nínú wọn, wọ́n ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Bàbá Yétúndé wọ omi dé itan, ó ń gbá èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó mú. Nígbà tó jáde, ọ̀rá kún apá rẹ̀. Kò sí èyí tó ní wáyà lọ́rùn.

“Ó tó, ’yata, ọmọ mi,” Ìyá Ládì ní fún mi. “Òjò ń pa ọmọ.”

A lọ sílé.

Ọmọ ò ṣàìsàn. Mo sọ ọ́ kí ọkàn yín lè balẹ̀, ó ń sanra, ó ń rẹ́rìn-ín sí adìyẹ. Nọ́ọ̀sì ní kò sí nǹkan kan, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í tilẹ̀ béèrè fún un, ọsibítù ló ń bá wọn sọ ọ́ nù. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ padà wá ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ gbé abọ́ lọ ra kósáì ní gbogbo ayé yín, ẹ tún wọ ayé wá, ohun tí a kọ́kọ́ ṣe fún yín ni pé a dì yín sínú léda, a fi wáyà fún un lọ́rùn. Ó wà lábẹ́ igi yín láti ìgbà tí mo ti bímọ títí di àkókò òjò, gbòǹgbò ń wá a, kò rí i fọwọ́ kàn. Báyìí ó wà nínú omi, tàbí nínú ẹrẹ̀ níbì kan, kò sì ní jẹrà. Èyí ló ń dùn mí. Kò ní jẹrà.

Ìwọ́ ọmọ tó já, mo ṣì tọ́jú rẹ̀ sínú agolo mílíìkì. Bàbá Yétúndé lọ wá ìkòkò amọ̀ kékeré kan, ó fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀ ní ìdí gúrófà, ó gbẹ́ ẹ jìn. Nígbà tó fẹ́ bo ìkòkò náà, mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó lọ sínú àpò ṣòkòtò rẹ̀ níbi tí wáyà máa ń wà, ó dúró, ó yọ ọwọ́ náà jáde ní òfo. Ó fi ọwọ́ lásán kó yẹ̀pẹ̀ bò ó. Kì í ṣe ohun kan náà, àwa méjèèjì sì mọ̀.

Láti ìgbà náà, mi ò lè rí ọ̀rá dúdú nílẹ̀ kí n kọjá. Lójú títì, nínú gọ́tà, lẹ́bàá ilé-ìwé tí ẹ ti kọ́ àwọn ọmọ. Màá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn mi, màá yí ọrùn ọ̀rá náà wò, màá ká a sínú àpò mi. Àwọn ará àdúgbò ti ń rí mi. Oníkósáì pariwo lọ́jọ́ kan pé, “Ẹ wo Tíṣà kékeré! Ìyá yìí ò kú rárá.” Àwọn obìnrin kan ti ń bá mi kó gọ́tà. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ilé ni. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń dúpẹ́. Mi ò sọ fún wọn pé wáyà pupa ni mò ń wá.

Ìyá Ládì nìkan ló mọ̀. Lánàá, a jọ jókòó, ó ń wo bí mo ṣe ń tú àpò mi. Mo ní kó má dá mi lẹ́jọ́, pé ẹ̀yin náà, láti ọjọ́ màálù Vom ni ẹ kò ti fi ọ̀rá kankan sílẹ̀. Ó gbọn orí.

“Màálù wo? Kí wọ́n tó bí ìwọ ni Tíṣà ti ń ṣe é. Ọdún tó bí ẹ̀gbọ́n ẹ tí kò dúró ló bẹ̀rẹ̀. Mo bi í, kò dá mi lóhùn. Mi ò bi í mọ́.”

Ó gbé ọmọ lọ́wọ́ mi, ó wọlé.

Màámi, ta ló sin ibi ọmọ ti ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé ọsibítù ni ẹ bí i sí? Kí ni wọ́n dì í sí? Gbogbo ìgbà tí mò ń rìn síwájú yín kí wọ́n má bàa mọ̀ pé èmi lẹ bí, kí lẹ ń wá nílẹ̀?

Ọmọ ti jí. Mo gbọ́ ọ tó ń fọwọ́ lu ilẹ̀. Ó ti ń rákò báyìí, ohunkóhun tó bá rí nílẹ̀, ó ní láti gbé e yẹ̀ wò. Màá lọ wo ohun tó mú lọ́wọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tí kì í rìn síwájú yín mọ́,
ìyá Yétúndé.